Eélòó Ni? Owó Ẹyọ, Tọ́rọ́ àti Kọ́bọ̀ Nínú Ìtàn Òǹkà Yorùbá

Kò sí ẹni tó ń ná ọjà ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní béèrè pé, "Eélòó ni?" Ìbéèrè náà ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í fi etí sí fáwẹ̀lì gígùn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, "owó" àti "èló" ni a ó bá nínú rẹ̀. Bí ọlọ́jà bá sì fẹ́ dáhùn lọ́nà àtijọ́, kò ní sọ pé "ení, èjì, ẹ̀ta" bí ẹni tó ń ka nǹkan lásán, kò sì ní sọ pé "méjì, mẹ́ta" bí ẹni tó ń yán iye ọmọ. Oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin, aárùn-ún ni yóò wí, nítorí pé "owó" ti wọnú òǹkà náà nípasẹ̀ ìsúnkì: owó ọ̀kan di oókan, owó èjì di eéjì. Owó tí à ń wí yìí kì í ṣe bébà, kì í sì í ṣe fàdákà. Ìkarahun ìgbín òkun ni.

Nínú iṣẹ́ yìí, a ó tẹ̀ lé ìkarahun náà láti inú òkun tí wọ́n ti kó o wá títí dé ibi tí ó ti fi ọ̀nà sílẹ̀ fún tọ́rọ́ àti kọ́bọ̀. Ohun tí ó mú wa ṣe bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀sùn kan tí a ti gbọ́ gbọ́ títí: pé òǹkà Yorùbá le jù, pé àyọkúrò inú rẹ̀ ń da àwọn ọmọ ilé-ìwé láàmú, pé kí a wá òmíràn fi rọ́pò rẹ̀. Èrò tiwa ni pé apá tó pọ̀ jù nínú òǹkà náà jẹ́ ìlànà iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń ka owó ẹyọ, àti pé ìgbà tí owó yí padà lọ́wọ́ wa ni òǹkà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ lẹ́nu wa.

Ìgbín láti Òkun Íńdíà

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe ìgbín náà ní Monetaria moneta, orúkọ tí wọ́n fi owó sí nínú lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni pé ti àkọ́kọ́ kò tó. Inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò jìn, níbi tí òkúta iyùn pọ̀ sí, ni ó ń gbé, ní Òkun Íńdíà àti Òkun Pàsífíìkì. Erékùṣù Maldives, tó wà ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Íńdíà, ni ó lókìkí jù fún un. Irú rẹ̀ kò sí ní etí òkun tiwa. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí pé òun gan-an ni ó jẹ́ kí ìkarahun náà lè ṣe owó. Bí ó bá ṣe pé a lè ṣa á ní Èkó tàbí ní Àgbádárìgì bí a ti ń ṣa òkúta, ta ni yóò gbé iṣu sílẹ̀ kí ó gbà á? Ó tún le, kì í jẹrà, alágbẹ̀dẹ kò lè rọ ayédèrú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè gé e sí méjì kí ó máa pè é ní odindi.

Ní Maldives, wọ́n a máa ju imọ̀ àgbọn sínú omi kí ìgbín lè lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n a fà á jáde, wọ́n a rì í sínú kòtò títí ẹran inú rẹ̀ yóò fi jẹrà tán tí yóò ku ìkarahun funfun. Ibn Battuta, ará Tangier tó ṣe adájọ́ ní erékùṣù náà ní 1343 sí 1344, rí iṣẹ́ yìí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó dé ilẹ̀ Mali ní 1352, tí ó sì gba Gao kọjá, ó tún bá ìkarahun kan náà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà. Nítorí náà, kí ọkọ̀ òkun àwọn Òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sí apá ọ̀dọ̀ wa, owó ẹyọ ti ń gba aṣálẹ̀ Sàhárà wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Àwọn ọkọ̀ ló sọ ọ́ di ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni àwọn Potogí ti ń kó o wá. Àwọn ará Họ́láńdì àti Gẹ̀ẹ́sì gbà á ṣe lẹ́yìn wọn. Láti Íńdíà ni ó ti ń wá sí Amsterdam àti London, tí ó sábà máa ń wà ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ láti mú kí ọkọ̀ wúwo kí ìgbì má baà dojú rẹ̀ dé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tà á fún àwọn tó ń bọ̀ ní etíkun wa. Ibi tí ìtàn náà ti korò nìyí, nítorí pé èèyàn ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi í rà. Ìwé tí Jan Hogendorn àti Marion Johnson tẹ̀ jáde ní 1986 kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: wọ́n pe owó ẹyọ ní owó ìkarahun òwò ẹrú nínú àkọlé ìwé náà gan-an. Ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, láàárín àwọn Ayizo, ìtàn kan wà lẹ́nu àwọn èèyàn pé òkú ẹrú ni wọ́n ń jù sínú òkun, tí ìgbín ń lẹ̀ mọ́ lára, tí wọ́n sì ń fà á jáde láti ṣa owó. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kó o, imọ̀ àgbọn ni wọ́n ń lò gẹ́gẹ́ bí a ti wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ohun tí wọ́n ń fi owó náà rà ní Ouidah kò ní pe ìtàn yìí ní irọ́ lásán.

Ní Ouidah yìí kan náà, igba owó ẹyọ ni àwọn oníṣòwò Potogí ń pè ní galinha, èyí tí í ṣe adìẹ lédè wọn, nítorí pé iye tí wọ́n ń ra adìẹ kan nìyẹn. A ó rí i láìpẹ́ pé igba yìí kì í ṣe iye àdábọwọ́.

Òkìtì àti ọ̀kẹ́

Adolphus Mann, òjíṣẹ́ ìjọ ará Jámánì tó gbé ní Ìjàyè kí ogun tó fọ́ ọ, ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1887 bí wọ́n ṣe ń ka owó. Wọ́n a da àpò owó sílẹ̀. Ẹni tó ń kà á a jókòó tàbí kí ó kúnlẹ̀ tì í, a máa fi ọwọ́ fa márùn-ún márùn-ún, a sì máa kà á sínú. Bí ó bá ti fà á nígbà ogún, ọgọ́rùn-ún pé. A tún fa ogún mìíràn, a gbá òkìtì méjèèjì pọ̀, ó di igba. Òkìtì igba yìí ni òpómúléró ìṣirò ńlá. Ẹgbẹ̀ta jẹ́ igba mẹ́ta, ẹgbẹ̀rin jẹ́ igba mẹ́rin, ẹgbẹ̀rún jẹ́ igba márùn-ún, ẹgbàá sì jẹ́ igba mẹ́wàá. Kò sí ẹni tó lè dárúkọ ẹgbẹ̀rún ní èdè Yorùbá láìtẹ orí òkìtì márùn-ún, ìbáà jẹ́ náírà ni ó ń kà, ìbáà jẹ́ olùdìbò.

Wọ́n tún máa ń lu owó ní ihò, wọn a sì sín in sínú okùn. Ogójì ni okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, èyí tí àwọn arìnrìn-àjò Òyìnbó ń pè ní orí kan. Ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Ọ̀kẹ́ kì í ṣe nọ́ńbà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àpò ni. Ọmọ tí a bí tòun ti àpò tó bò ó ni à ń sọ ní Ọ̀kẹ́ títí di òní. Nígbà tí wọ́n bá sọ pé ọ̀kẹ́ mẹ́ta, àpò mẹ́ta ni ojú wọn ń rí, 20,000 sì ni wọ́n mọ̀ pé ó wà nínú ìkọ̀ọ̀kan. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn tó parí ní 1897 ṣùgbọ́n tí kò jáde títí di 1921, sọ pé irinwó náà jẹ́ "erin owó," òkìtì tó tóbi láàárín òkìtì bí erin ti tóbi láàárín ẹran. Ẹni tó bá fẹ́ lè jiyàn lórí erin. Owó tó wà ní ìparí ọ̀rọ̀ náà kò ní àríyànjiyàn.

Àyọkúrò tí wọ́n ń dá lẹ́bi ńkọ́? Ẹni tó ń fi ọwọ́ kó márùn-ún márùn-ún jọ ń wo ibi tí òkìtì yóò ti pé kí ó tó pé. Bí owó bá tán nílẹ̀ nígbà tí ó ku márùn-ún kí ogún pé, kò sí ìdí láti padà sí orí ẹ̀wá kí ó tó sọ ohun tí ó rí: ó ku àrún kí ó di ogún, ẹ̀ẹ́dógún. Bí ó bá ku ẹ̀wá kí ọgọ́ta pé, àádọ́ta ni. Bí ó bá wá ku àrún kí àádọ́ta náà pé, ẹ̀ka àyọkúrò méjì ni ọmọ ilé-ìwé ń rí nínú àrùndínláàádọ́ta, ṣùgbọ́n ẹni tó kúnlẹ̀ ti òkìtì rí nǹkan mìíràn. Ó rí àlàfo tó kù, ojú lásán ni ó sì fi rí i.

A kò fẹ́ kí a túmọ̀ ọ̀rọ̀ wa sí pé owó ẹyọ ni ó bí gbogbo òǹkà Yorùbá. Ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ ti pé ogún kí ọkọ̀ tó dé. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ pàápàá ń pe méjìdínlógún ní méjì dín ní ogún láìsí pé wọ́n ń fi ìkarahun náwó. Ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni pé òǹkà ńlá, láti igba lọ sókè dé ọ̀kẹ́, gba ìrísí rẹ̀ ní ìdí owó, àti pé iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní ìdí owó ni ó ń jẹ́ kí àyọkúrò rọrùn lẹ́nu àgbà àti ọmọdé.

Nígbà tí owó di ọ̀pọ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1845, àwọn oníṣòwò ará Hamburg rí ọ̀nà tuntun. Oríṣi ìgbín kejì kan wà, Monetaria annulus, tó pọ̀ lọ jàra ní Zanzibar àti etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ó tóbi ju ti Maldives lọ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dán, ṣùgbọ́n owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń rà á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ kó o wá sí Ouidah àti Èkó láti fi ra epo pupa. Àwọn èèyàn gbà á. Láàárín àádọ́ta ọdún tó tẹ̀ lé e, iye owó ẹyọ tó wọlé pọ̀ débi pé agbára rẹ̀ láti ra nǹkan ń wálẹ̀ lọ́dọọdún.

Ẹni tó ri ọ̀kẹ́ mẹ́wàá mọ́lẹ̀ ní yàrá nígbà ogun Ìjàyè ní 1860, tí ó wá hú u lẹ́yìn ogun Kírìjì, yóò bá gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, oókan kò ní dín. Ohun tí ó lè rà ni ó dín. Kò sí olè tó wọlé, kò sí iná tó jó. Ẹnì kan ní Hamburg tí kò gbọ́ orúkọ Ìjàyè rí ni ó kó ohun ìní rẹ̀ lọ. Àwọn akọ̀wé ìtàn sábà máa ń lo ọ̀pọ̀ ojú ìwé lórí ogun ọ̀rúndún náà, ìyẹn sì tọ́. Ṣùgbọ́n a rò pé ìṣubú owó yìí ba ilé tó pọ̀ jẹ́ láìlu ìlù, kò sì tíì gba ààyè tó yẹ ẹ́ nínú ìwé ìtàn tí a fi ń kọ́ ọmọ.

Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi ń lọ sópin, ìṣirò tó ti mọ́ wọn lára ni pé ẹgbàá jẹ́ sísì kan. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà tán. Ṣílè kan jẹ́ ẹgbàajì, ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ṣílè márùn-ún, pọ́ùn kan sì jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́rin. Ọ̀kẹ́ kan owó Maldives wúwo tó nǹkan bí kílógíráàmù 23. Ti Zanzibar wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Ṣílè fàdákà márùn-ún kò tó gíráàmù 30. Aláàárù tó fi orí ru ọ̀kẹ́ kan láti Èkó lọ sí Ìbàdàn gbé ẹrù tí ọmọdé ìbá fi ọwọ́ kan dì mú bí ó bá jẹ́ fàdákà, òun náà sì gbọ́dọ̀ jẹun lójú ọ̀nà. Nígbà tí ilé ìfowópamọ́ Bank of British West Africa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 1894, tí ọkọ̀ ojú irin sì dé Ìbàdàn ní 1901, fàdákà ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́. Kò sí ohun tó tún lè gba owó ẹyọ là.

Kọ́bọ̀ tí kò ṣe é pín

Tọ́rọ́ bá òǹkà wa mu dáadáa, nítorí pé bí sísì bá jẹ́ ẹgbàá, tọ́rọ́ yóò jẹ́ ẹgbẹ̀rún géérégé. Kọ́bọ̀ ni kò bá a mu. Pín ẹgbàá sí mẹ́fà, ìwọ yóò rí 333, yóò sì tún ṣẹ́ kù. Kò sí òkìtì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìṣòro kejì ju ìyẹn lọ: níbi tí obìnrin ti ń fi oókan tàbí aárùn-ún ra ata, kí ni yóò fi kọ́bọ̀ tó ju ọ̀ọ́dúnrún lọ ṣe? Ìjọba amúnisìn náà rí i. Ní 1907 sí 1908, wọ́n gbé ẹyọ owó kékeré kan jáde tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá kọ́bọ̀. Aluminium ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é, ojú ọjọ́ wa sì jẹ ẹ́ run, wọ́n bá fi irin mìíràn pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n dá ihò sí i láàárín, ó sì ṣe é sín sókùn bí owó ẹyọ. Ọ̀níní ni a pè é. Síbẹ̀, nínú ìṣirò ẹgbàá fún sísì, ọ̀níní kan ju ọgbọ̀n owó ẹyọ lọ. Ẹni tó bá ti ń ra nǹkan oókan ti di ẹni tí kò ní owó tí yóò fi rà á mọ́, òǹkà oókan, eéjì, ẹẹ́ta sì bẹ̀rẹ̀ sí í di òǹkà àwọn àgbà.

Kò sí ẹni tó gba owó ẹyọ padà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ní 1948 sí 1949, ìjọba ra manilla padà ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà kí wọ́n tó fi òpin sí i. Àwọn tó ní ọ̀kẹ́ nínú àká kò rí irú rẹ̀. Ẹni tó bá rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n fẹ́ gba igba, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún náírà àtijọ́ kúrò nílẹ̀, tí èèyàn tò sí ẹnu ilé ìfowópamọ́ títí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi dá sí i ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, yóò lè fojú inú wo ohun tó jẹ́ fún àwọn baba ńlá wa tí kò ní ilé ẹjọ́ kankan láti lọ.

Pọ́ùn àti ṣílè ní àǹfààní kan tí a kì í sábà kà sí: ogún ṣílè ló ń jẹ́ pọ́ùn kan. Ibẹ̀ ni òǹkà ogún tiwa àti ti Òyìnbó ti pàdé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, náírà dé, pọ́ùn kan di náírà méjì, ìpín ogún náà sì dàwátì. Ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ ló di náírà kan. Orúkọ tí ẹnu ọjà fún owó bàbà ìgbà Òyìnbó wọnú òfin orílẹ̀-èdè, nígbà tí kì í ṣe bàbà mọ́, tí iye rẹ̀ kì í sì í ṣe ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ìyá ọlọ́jà kò tètè gbà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, náírà méjì ni wọ́n ń pè ní pọ́ùn, kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni wọ́n ń pè ní ṣílè, ẹni tó bá sì wá láti ilé-ìwé ni yóò máa ṣe ìsọdipúpọ̀ lọ́kàn.

Ọ̀kẹ́ kò tíì kú. A ṣì ń gbọ́ ọ lórí rédíò: ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà, èyí tí í ṣe 100,000. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbọ́ ọ mọ̀ pé owó ńlá ni, wọn kì í rí àpò kankan lójú ọkàn. Ìkarahun náà kò lọ bákan náà. Ó wà lára aṣọ òrìṣà, ó wà nínú irun àwọn olórin, ó sì wà lórí àtẹ àwọn tó ń dá owó ẹẹ́rìndínlógún, ọ̀nà ìbéèrè lọ́wọ́ òrìṣà tí William Bascom kọ ìwé lé lórí ní 1980 láti ẹnu Sàlàkọ́, ará Ọ̀yọ́. Fáwẹ̀lì gígùn tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà ni ti inú eélòó: owó ni.

Ọ̀nà yìí bá àwọn tí wọ́n fi owó kan náà rà sọdá òkun. Ní Brazil, èdè Potogí ni wọ́n fi ń pè é nísinsìnyí, jogo de búzios. Ní Cuba, ohun tó kù lẹ́nu wọn ni diloggún. Bí a bá tú u bí a ti tú àwọn yòókù, dín, ní àti ogún ni a ó rí. Owó ti já kúrò níwájú rẹ̀, ẹ̀rin tí a fẹ́ yọ náà ti já pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ní Havana, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn tó ń pè é kò gbọ́ Yorùbá, wọ́n ṣì ń yọ nǹkan kúrò nínú ogún.